Ohun Tí Iṣẹ́ Kan Ń Lò, Ojú Kan Ni Kó Wà

Bí a bá fẹ́ kí ohun èlò iṣẹ́ ọwọ́ wà létòlétò nínú ilé, èyí tí iṣẹ́ kan ń lò pọ̀ ni kí a kó pọ̀. Ẹ wo àwọn obìnrin Gbagyi tó ń mọ ìkòkò ní agbègbè Minna. Amọ̀ tútù kì í dúró de ẹnikẹ́ni, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bó bá gbẹ jù, igi gbígbẹ́ tí wọ́n ń yí lára ìkòkò láti fi ṣe ọnà kò ní mú un mọ́, nítorí náà igi yẹn àti omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí ọwọ́. Lórí irú amọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ladi Kwali, gbajúmọ̀ amọ̀kòkò Gbagyi, ti ń fín alángbá àti ejò, kó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì, dá sílẹ̀ ní Suleja ní 1954.

Ní ti aṣọ rírán, àwọn kan yóò ní kí gbogbo òwú wà lọ́tọ̀, kí gbogbo bọ́tìnì wà lọ́tọ̀. Ìyẹn bá ẹni tó ń tajà ní ọjà Kure ní Minna mu, torí oníbàárà lè wá béèrè àwọ̀ òwú kan ṣoṣo. Ẹni tó ń ránṣọ nílé ní tirẹ̀ fẹ́ parí aṣọ ni, nítorí náà kí òwú, bọ́tìnì àti abẹ́rẹ́ aṣọ kọ̀ọ̀kan wà nínú ike kan. Òótọ́ ni pé àlùmọ́gàjí kan kò lè wà nínú ike mẹ́ta; ara ìṣó lórí ògiri, níbi tọ́wọ́ ọmọdé kò tó, ni kó wà. Owó kọ́bọ́ọ̀dù kò sì pọn dandan. Ike bọ́tà tí a fọ̀ tó, kí a lẹ èérún aṣọ náà mọ́ ìdérí rẹ̀. Ìdérí ọ̀hún ni mo kà sí jù: òun ló ń dènà eruku ọyẹ́ àti ọ̀rinrin òjò tó ń mú abẹ́rẹ́ dógùn-ún.