Ṣé o mọ ohun tí omi ń ṣe nínú ihò tín-ín-tín?

Ṣé o mọ̀ pé ohun ìyanu kan wà nínú páálí bàtà tuntun tó o rà? Wo àpò pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́. Ya á, kó o da inú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Hóró róbótó-róbótó ni, ó ń dán bíi gíláàsì, ó gbẹ lọ́wọ́. Síbẹ̀, omi lè wà nínú rẹ̀. Silica gel lorúkọ rẹ̀, ihò tín-ín-tín ló sì kún inú hóró kọ̀ọ̀kan. Bí a bá lè tẹ́ ògiri àwọn ihò inú gíráàmù kan ṣoṣo sílẹ̀ bí ẹní, ti ọ̀pọ̀ irú silica gel á ju mítà onígun mẹ́rin 500 lọ.

Ṣé o mọ̀ pé nínú irú ihò bẹ́ẹ̀, oru máa ń di omi kí àkókò rẹ̀ tó tó? Ní gbangba, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kún dé ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún kí ìrì tó sẹ̀. Ṣùgbọ́n gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan: ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Bí ihò tí ògiri rẹ̀ fẹ́ràn omi bá fẹ̀ ní nánómítà mẹ́rin, nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti tó láti fi omi kún un. William Thomson, tí ayé mọ̀ sí Lord Kelvin, ló fi ìpìlẹ̀ ìṣirò yìí lélẹ̀ ní 1871. Kò rí irú ihò bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ní 2020, ẹgbẹ́ onímọ̀ Andre Geim ní Manchester ṣe àwọn ihò tí kò ga tó nánómítà kan, níbi tí ọ̀pọ̀ ti rò pé fọ́múlà náà kò ní wúlò mọ́. Ó ṣì bá a mu. Ara ògiri ihò náà ló ń tẹ̀ díẹ̀ láti gba omi mọ́ra.

Ṣé o mọ̀ pé omi tó tètè wọlé kì í tètè jáde? Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ gbẹ ju bó ṣe wà nígbà tí omi wọlé lọ kí ihò náà tó ṣófo. Ro ti akèrègbè: ikùn rẹ̀ gbòòrò, ọrùn rẹ̀ tóóró. Omi tó wà lọ́rùn kì í di oru bọ̀rọ̀, bí kò bá sì kúrò lọ́nà, ti inú ikùn kò ríbi gbà. Ìgò yíǹkì làwọn onímọ̀ fi ń ṣàpèjúwe rẹ̀. Akèrègbè tiwa ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yìnyín ńkọ́? Kí omi tó dì, àwọn mólékù rẹ̀ gbọ́dọ̀ tò bí àga tí wọ́n ń tò sábẹ́ àtíbàbà òde. Bí àyè bá fún, àwọn tó kan ògiri kò ní bá ìlà mu, ìtò náà á sì dàrú. Ìdí nìyẹn tí omi inú ihò tó fẹ̀ ní nánómítà mẹ́ta fi lè wà láìdì títí òtútù á fi kọjá dígírì 40 sí ìsàlẹ̀ òdo.

Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, àyè tó fún náà á bá ìtò mu rẹ́gí. Ní 2016, ẹgbẹ́ Michael Strano ní MIT, ní Amẹ́ríkà, kéde pé omi tó wà nínú ọ̀pá kábọ̀n oníhò tó fẹ̀ ní nánómítà 1.05 ṣì dì níbi tí ooru ti ju dígírì 100 lọ; àárín 105 sí 151 ló ti ń yọ́. Ooru tí omi ìkòkò ti ń hó ni yẹn! Fi nánómítà 0.01 péré kún ìbú ọ̀pá náà, ìwọ̀n náà á já wálẹ̀ sí àárín 87 sí 117. Wọn kò kánjú pè é ní yìnyín. Ohun tó jọ yìnyín ni wọ́n pè é. Ìṣọ́ra yẹn wù mí.

Ṣé o mọ̀ pé kèké ni àwọn onímọ̀ máa ń ṣẹ́ láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí ojú kò tó? Wọ́n á to átọ̀mù ògiri ihò náà sínú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á mú mólékù omi kan, á sún un díẹ̀. Á fi òmíràn kún un. Á yọ ọ̀kan kúrò. Bí ìyípadà náà bá rọ gbogbo wọn lọ́rùn, ó gbà á. Bí kò bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn, á ṣẹ́ kèké bóyá kó gbà tàbí kó kọ̀. Ìgbà àìmọye mílíọ̀nù ló máa ń ṣe é. Monte Carlo ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí, orúkọ àdúgbò tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Monaco. Ìwé tó gbé ìlànà gbígbà tàbí kíkọ̀ yìí jáde ní 1953 ti Los Alamos wá, Arianna Rosenbluth ló sì kọ ìlànà tí kọ̀ǹpútà MANIAC tẹ̀ lé.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni pé ìṣirò máa ń ṣáájú ojú. Ní 2001, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Koga àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ pé omi inú ọ̀pá kábọ̀n lè dì bí ọ̀pá yìnyín onígun mẹ́rin, márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Kò pẹ́ tí wọ́n fi X-ray rí ọ̀pá yìnyín náà ní Jàpáàn.

Irú ihò bẹ́ẹ̀ tún wúlò fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ní aṣálẹ̀ Mojave ní California, ẹgbẹ́ onímọ̀ Omar Yaghi gbé ẹ̀rọ kan tí ìyẹ̀fun oníhò wà nínú rẹ̀ síta. Ọgbọ́n ibẹ̀ ni pé kí ihò náà fa omi tó, kó má sì dì í mú jù. Ọ̀rinrin á wọlé, ooru á lé e jáde, á sì kán sínú ife. Ní 2019 wọ́n ròyìn pé kílò kan ìyẹ̀fun náà ń mú nǹkan bíi lítà 0.7 wá lójúmọ́, láti inú afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Omi náà ṣeé mu.