Díìṣì Kékeré Orí Mọ́ṣáláṣí: Ẹnu Rẹ̀ Ni Kí Ẹ Pààrọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe irú èyí tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu Lèmọ́mù ní ọjọ́ Jímọ̀, ṣùgbọ́n owó ìjọ wà nínú rẹ̀, ibi tí owó ìjọ bá sì wà, ó yẹ kí á la ojú sí i.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí wa ti ní tẹlifíṣọ̀n àti díìṣì, kí àwọn arúgbó tí agbára wọn kò gbé e láti lọ sí ilẹ̀ mímọ́ lè máa fi ojú rí Kààbà, kí wọ́n sì máa gbọ́ kíké Àlùkùránì láti Mẹ́kà nígbà àwẹ̀. Ìjọba Saudi ní ìkànnì kan tí ó ń fi mọ́ṣáláṣí Mẹ́kà hàn tọ̀sán tòru, wọ́n sì ní èkejì tí ó ń fi mọ́ṣáláṣí Ànọ́bì hàn ní Mẹdínà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ránṣẹ́. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìjọ ni ó ń san owó oṣooṣù lórí dìkódà nítorí àti rí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀.

Ìjọ kan wà ní ìtòsí wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn ìyá Asaláátù ni ó ń dá owó dìkódà náà. Ní àwẹ̀ kan, òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n gan-an ni owó tán lórí rẹ̀. Àwòrán lọ, àwọn ìyá sì figbe ta. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn kan ní kí á lọ ra díìṣì ńlá tí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, owó rẹ̀ yóò sì tó owó àgbò Iléyá. Ẹlòmíràn mú ọmọkùnrin kan wá tí ó ní òun yóò tú dìkódà náà, kí ìjọ máa wò ó lọ láìsan owó fún ẹnikẹ́ni. Lèmọ́mù wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé olè ni kí á jà kí á tó rí ilé Ọlọ́run?" Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Alhaja kan wà láàárín àwọn ìyá náà tí ó ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti tẹlifíṣọ̀n lọ́jà. Òun ni ó sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ó ní, "Bàbá Lèmọ́mù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra àwo kankan. Èyí tí ó wà lórí òrùlé yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀." Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ tú fún yín.

Sátẹ́láìtì tí ń gbé àwòrán wá dúró lókè agbedeméjì ayé, ó fi nǹkan bí kìlómítà 36,000 jìn sí ilẹ̀, ó sì ń bá ayé yí ní déédéé, òun ni ó fi dà bí ẹni pé ojú kan ni ó wà. Orí ìgbì ni ó ń gbé àwòrán sí, ìgbì náà kò sì jẹ́ oríṣi kan. Èyí tí díìṣì kékeré ilé wa ń gbà ni à ń pè ní Ku-band. Ìgbì rẹ̀ kúrú, gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Èkejì ni C-band, gígùn tirẹ̀ sì tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 7.5. C-band ni ẹ̀gbọ́n. Òun ni wọ́n ń lò nígbà tí wọ́n gbé àwo ràgàjì kalẹ̀ ní Lánlátẹ̀, ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní àwọn ọdún 1970, tí Nàìjíríà fi ń bá òkè òkun sọ̀rọ̀.

Àwo fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí í ṣe C tàbí Ku. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó kó ohun tí ó bá bọ́ sí i lójú jọ sí ibì kan, bí ìgbà tí ènìyàn fi àtẹ́lẹwọ́ gbe omi òjò. Ẹni tí ó ń yan èyí tí yóò gbà ni LNB, ohun kékeré tí ó wà ní ṣóńṣó ọwọ́ irin níwájú àwo. LNB ti Ku kò lè gbọ́ èdè C rárá, bí ó ti wù kí àwo tóbi tó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra àwo ńlá, tí ó sì fi LNB àtijọ́ sí i, owó rẹ̀ ti wọ omi.

Kí ni a sì ń wá lọ sínú C-band? Nítorí pé òun ni ó tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà jù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n rán sátẹ́láìtì Arabsat-5C lọ sí òfúrufú, sí ipò 20 ní ìhà ìlà-oòrùn, C-band ni ó sì gbé dání fún ilẹ̀ Áfíríkà. Ìdí kejì ni òjò. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí òjò ńlá bá ti ń ṣú bọ̀ ni àwòrán Ku yóò ti máa gé. Ní ọdún 2015 àti 2016 tí àwẹ̀ bọ́ sínú oṣù kẹfà, mélòó ni àsáàmù tí ẹ rí wò parí? Ìgbì C kì í sá fún òjò bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí òrùlé náà, ojú mi ni wọ́n ṣe é. LNB ti C tóbi, ó sì wúwo, kò lè wọ inú ìdè tí ó di ti Ku mú, nítorí náà wẹ́dà ni ó kọ́kọ́ jó ìdè tuntun. Lẹ́yìn náà ni òrùka. Òrùka pẹrẹsẹ tí ó máa ń bá LNB C wá láti ọjà, fún àwo ńlá tí ó jinnú ni wọ́n ṣe é. Bí a bá fi sí díìṣì kékeré, ẹnu LNB yóò la ju ojú àwo lọ, yóò sì máa gba ariwo láti ara ilẹ̀ àti òrùlé. Òrùka tí ó rí bí àrọ, tí ó fẹjú síwájú, ni ó yẹ ẹ́, kí ẹnu náà lè mọ ní ìwọ̀n àwo. Mo rò pé níbí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń kùnà, tí wọ́n á sì di ẹ̀bi ru àwo.

Ohun kékeré kan tún kù. Ọ̀pọ̀ nínú ìgbì C tí ó ń bọ̀ wá sí ilẹ̀ wa ni ó ń yí bọ̀ bí okùn tí a lọ́. Kí LNB tó lè gbé e dáadáa, wọ́n fi pèlébé Teflon, irú ohun tí ó wà nínú páànù ìdín-ẹyin tí kì í jẹ́ kí ó lẹ̀, há a ní ọ̀nà ọ̀fun, ní ìdábùú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá so ó mọ́ dìkódà ọ̀fẹ́, èyí tí kì í gba káàdì, wọ́n sì yí nọ́ńbà LNB inú rẹ̀ láti 9750 àti 10600 tí í ṣe ti Ku, sí 5150 tí í ṣe ti C. Ẹni tí kò bá yí nọ́ńbà yìí lè jókòó sí orí òrùlé di alẹ́, kò ní rí nǹkan kan.

Wọ́n tún yí ojú àwo padà. Àwo tí ó ń wo ipò 36 tẹ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ gbójú sókè sí i kí ó tó rí ipò 20. Bàbá kan nísàlẹ̀ ní, "Ṣé kì í ṣe Kíbílà ni ó yẹ kí ó kọjú sí ni?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Láti ilẹ̀ wa, Kíbílà wà láàárín àríwá àti ìlà-oòrùn. Sátẹ́láìtì sì wà lórí agbedeméjì ayé, ní gúúsù wa, nítorí náà ìlà-oòrùn tí ó yà sí gúúsù díẹ̀ ni díìṣì ń kọjú sí. Ẹ má fi díìṣì mọ Kíbílà o.

Ìkànnì Àlùkùránì wọlé kí wọ́n tó pe Àsárì. Ọ̀pọ̀ ìkànnì míràn tí ó wà lórí sátẹ́láìtì kan náà kò wọlé, n kò sì ní pa irọ́ fún yín. Ìgbì C ti tú ká sí ilẹ̀ tí ó fẹ̀, nítorí náà kì í lágbára bí Ku tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa. Bákan náà, bí ìgbì bá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, ojú díìṣì kan náà yóò fẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta, yóò sì máa rí sátẹ́láìtì aládùúgbò pọ̀ mọ́ èyí tí a ń wá. Díìṣì tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 lè mú àwọn tí ó lágbára. Èyí tí ó jẹ́ 120 sàn jù ú lọ. Sẹ̀ǹtímítà 60, ẹ má wulẹ̀ dán an wò.

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ tún gbọ́ èyí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021 ni àjọ NCC ta ìgbì 3.5 GHz fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láti fi ṣe 5G, ìgbì náà sì wà ní ẹ̀bá ibùjókòó C-band. Bí òpó 5G bá wà nítòsí mọ́ṣáláṣí yín, ó lè bo ohùn sátẹ́láìtì mọ́lẹ̀. Asẹ́ kan wà tí a lè fi sí ẹnu LNB láti dí i lọ́wọ́. Ẹ bèèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó san owó.

Lèmọ́mù ìjọ náà kò jẹ́ kí wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n sínú mọ́ṣáláṣí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó wà. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má dúró kírun tẹ̀lé Lèmọ́mù Mẹ́kà lórí rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímọ̀ kò ka irú ìrun bẹ́ẹ̀ sí jámọ́ọ̀. Lórí ọ̀rọ̀ oṣù pẹ̀lú, bí wọ́n bá kéde ìrí oṣù ní Saudi, kí á dákẹ́ kí á gbọ́ ti Sultan Ṣókótó ná. Ìjà oṣù tí a ti ní nílẹ̀ tó wa.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń ta díìṣì, ọ̀dọ̀ yín ni ó kù sí. Ẹ̀yin mọ Súrà kẹtàlélọ́gọ́rin, èyí tí ó bá àwọn tí ń rẹ́ òṣùwọ̀n jẹ wí. Ẹni tí ó ta àwo ńlá fún ìjọ tí LNB àti òrùka nìkan ni ó nílò, kí ni ó yàtọ̀ sí ẹni tí ó ki ìsàlẹ̀ kóńgò? Ìkànnì a máa ṣí kúrò lórí sátẹ́láìtì kan bọ́ sí òmíràn. Ó yẹ kí oníṣòwò wò ó ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an kí ó tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Alhaja tí mo wí yìí kọ rìsíìtì fún ìjọ. Ó kọ iye owó LNB, òrùka, dìkódà àti owó wẹ́dà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé bí àwòrán kò bá wọlé láàárín ọjọ́ méje, òun yóò gba ọjà òun padà. Akápò ìjọ ti fi rìsíìtì náà sínú fáìlì.