Káńsù Ló Ni Ẹjọ́ Ajá, Ta Ló Ni Owó Abẹ́rẹ́?

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ ajá sílẹ̀ láìlólúwa. Àfikún Kẹrin rẹ̀ là á sílẹ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ ni yóò máa ṣàkóso sísìn àti rírìn ẹranko ọ̀sìn inú ilé. Káńsù 774 ló wà, iṣẹ́ kan náà sì ni òfin gbé lé ti inú Èkó àti ti ìgbèríko lọ́wọ́.

Dìgbòlugi ló yẹ kó bà wá lẹ́rù jù níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 èèyàn ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń pa jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára èèyàn, agbára káká lẹni náà fi lè yè. Bẹ́ẹ̀ bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kò ní rọ́nà tàn mọ́, abẹ́rẹ́ ajá kò sì wọ́n tó èyí tí wọ́n máa gún fún ẹni tí ajá bù jẹ.

Àmọ́ iṣẹ́ náà kò rọrùn. Púpọ̀ nínú ajá tó ń rìn kiri ló lólówó; ṣe ni wọ́n tú wọn sílẹ̀. Wolé-wolé tó bá mú ọ̀kan kò ríbi so ó mọ́. Abẹ́rẹ́ ń fẹ́ fíríìjì tí iná kì í lọ lára rẹ̀. Ọmọ ajá tuntun sì ń dáyé lójoojúmọ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ èṣí kò tó fún ọdún yìí. Pípa ajá kì í ṣe ọ̀nà àbáyọ: wọ́n pa á lọ súà ní erékùṣù Flores ní Indonéṣíà lẹ́yìn ọdún 1997, dìgbòlugi kò lọ.

Ẹ wo N'Djamena, olú-ìlú Chad. Ajá tó lé ní 18,000 ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní 2012, ó lé ní 22,000 ní 2013. Àrùn náà dáwọ́ dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù ní 2014. Àmọ́ àwọn èèyàn ń gbé ajá wọ̀lú láti àgbègbè tí abẹ́rẹ́ kò dé, ni ó bá tún padà.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé káńsù kékeré kan kò lè dá a ṣe. Ní oṣù Keje 2024, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Kí àwọn káńsù tó bá pààlà dáwó jọ gba dókítà ẹranko kan, kí wọ́n ra fíríìjì, kí wọ́n sì jọ gún ajá wọn lọ́jọ́ kan náà. Títí dìgbà náà, ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.