Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń dá ẹrù kẹ́místírì gbé

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń ti Apakun lọ sí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, ní Ọ̀jọ́, á ti jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Á wọ dánfó ní Òṣòdì dé Mile 2, á tún wọ òmíràn gba títì Badagry. Bí kíláàsì bá parí, á sáré jáde kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má baà ká a mọ́nà. Alẹ́ á ti lẹ́ kó tó ṣí ìwé kẹ́místírì, òun nìkan. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Ta ni yóò bi láago mẹ́wàá alẹ́?

Irú dídá kàwé bẹ́ẹ̀ ni Uri Treisman, onímọ̀ ìṣirò, rí ní Yunifásítì California ní Berkeley láàárín àwọn ọdún 1970. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ń fìdí rẹmi nínú ìṣirò kálíkúlọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ìdílé Ṣáínà sì ń ṣe dáadáa. Àwọn olùkọ́ ní bóyá àwọn aláwọ̀ dúdú náà ò nítara, bóyá ilé ò tì wọ́n lẹ́yìn. Treisman tẹ̀ lé 20 nínú ìhà kọ̀ọ̀kan, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń kàwé. Irọ́ ni gbogbo àròsọ yẹn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń ṣiṣẹ́ kára, ṣùgbọ́n kálukú ló ń dá tirẹ̀ ṣe. Àwọn ọmọ Ṣáínà á kàwé tán, wọ́n á wá kóra jọ yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Bí gbogbo wọn bá ṣì í, wọ́n á mọ̀ pé ìbéèrè náà ló le. Ẹni tó dá jókòó á rò pé orí òun ni ò pé.

Treisman wá kó àwọn ọmọ jọ sídìí ìṣirò tó le gan-an, kì í ṣe ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn tó ń rẹ̀yìn. Máàkì wọn sì gòkè. Ní City College ní New York, láti àwọn ọdún 1990, wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún kẹ́místírì: ọmọ mẹ́fà sí mẹ́jọ, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti yege nínú kọ́ọ̀sì náà. Kì í fún wọn ní ìdáhùn. Ìbéèrè ló máa ń bi wọ́n.

Ní LASU fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola, tó gba ẹ̀bùn Kalinga ti UNESCO lọ́dún 1992, ti ń ṣèwádìí láti àwọn ọdún 1980 lórí bí ọmọ ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì pọ̀. Nínú ọ̀nà ìkọ́ni tó gbé kalẹ̀ lẹ́yìn náà, ọmọ á kọ́kọ́ bi àwọn àgbà ilé léèrè, irú bíi bí ògì ṣe ń kan, á sì gbé e wá sínú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì.

Lóòótọ́, àwọn ìjọ akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe tùtóríà bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo mọ rírì rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi púpọ̀, ẹnì kan ló ń kọ sójú pátákó, tí àwọn yòókù ń dà á kọ. Èyí tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni wákàtí méjì lọ́sẹ̀ tí àwọn ọmọ á fi jọ yanjú ìbéèrè, nínú táímùtébù gan-an, lọ́sàn-án, kí ọmọ Apakun tó sáré lọ wọ mọ́tò.