Ọ̀gá Ọkọ̀ Tí Kò Wá Ọmọ Ọlọ́mọ

Igbó Olúwa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdìgbò, wà lára igbó díẹ̀ tí erin ṣì kù sí nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ọdẹ agbègbè Ọ̀rẹ̀ mọ̀ pé erin kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń bínú lé. Bí ẹranko bá ṣe ọdẹ léṣe, ilé ni wọ́n á gbé e lọ, wọ́n á tọ́jú ọgbẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá sọnù sínú igbó, ẹnikẹ́ni kì í béèrè pé ọmọ ta ni. Gbogbo ọdẹ á fi ẹran tí wọ́n ń lé sílẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ojú yìí ni mo fi ń ka Moby-Dick, ìwé tí Herman Melville, ará Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 1851. Òkun ni igbó àwọn ọdẹ inú ìwé náà, àbùùbùtán ni ẹran wọn, òróró rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Àbùùbùtán funfun kan ti gé Ahab, ọ̀gá ọkọ̀ Pequod, lẹ́sẹ̀ kan jẹ. Nígbà tó padà sójú òkun, kò wá òróró mọ́. Ó kan owó wúrà mọ́ òpó ọkọ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹranko náà, ó sì mú kí gbogbo wọn búra. Starbuck, igbákejì rẹ̀, ní wèrè ni kéèyàn máa gbẹ̀san lára ẹranko. Ahab kò gbọ́.

N kò bá Ahab wí pé ó bínú. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ohun kékeré. Ìgbà tó pàdé ọkọ̀ Rachel ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mí. Gardiner, ọ̀gá ọkọ̀ náà, ará Nantucket bíi tirẹ̀, ń wá ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún 12, tó bá ọkọ̀ kékeré sọnù níbi tí wọ́n ti ń lé àbùùbùtán yẹn kan náà. Ó bẹ Ahab pé kó bá òun wá a fún wákàtí 48 péré, òun á sanwó. Ó rán an létí pé Ahab náà lọ́mọ nílé. Ahab kọ̀, ó ní àkókò ń lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi lé ẹranko náà. Lọ́jọ́ kẹta, okùn ọ̀kọ̀ tí Ahab fọwọ́ ara rẹ̀ jù lọ́ mọ́ ọn lọ́rùn, ó fà á wọ inú omi. Àbùùbùtán ti kọlu Pequod, ọkọ̀ náà sì rì tèrò-tèrò. Ishmael, atukọ̀ tó ń sọ ìtàn náà, nìkan ló yè é, ọkọ̀ Rachel tó ṣì ń wá ọmọ kiri ló sì gbé e.