Bí Ọkọ̀ Bá Ń Mí Gúlegúle

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹni tí ó ní ọkọ̀, ó sì kan ẹni tí kò ní, nítorí pé gbogbo wa ni a ń wọ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo awakọ̀ kan tí ó ra tòmátì ní ọjà Máìlì 12 ní ìdájí. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó dorí kọ ọ̀nà Kétu. Níbi tí ọ̀nà ti tẹ́jú, ọkọ̀ ń rìn geere. Ṣùgbọ́n bí ó ti fẹ́ gun afárá, ó tẹ iná, ọkọ̀ kò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi kanlẹ̀, síbẹ̀ ọkọ̀ ń wọ́ bí ìgbín, tírélà sì ń fun fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Kí ni ó dé? Kí a tó lè dáhùn, ó yẹ kí a mọ ohun tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ. Ní ọdún 1876, Nikolaus Otto, ará Jámánì, ṣe ẹ́ńjìnnì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin, ọ̀nà yìí kan náà sì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ tí ń lo epo bẹntiróòlù ń tọ̀ títí di òní. Ẹ́ńjìnnì a fa afẹ́fẹ́ àti epo mu. A fún wọn pọ̀. Iná a ṣẹ́ sí wọn, wọn a jó, wọn a sì ti písítìnì. Lẹ́yìn náà a tú èéfín jáde. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a óò máa wá: afẹ́fẹ́, epo, iná, àti ọ̀nà èéfín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé epo ni ẹsẹ̀ wa ń tú sílẹ̀ nígbà tí a bá tẹ iná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣí. Nínú ọkọ̀ ayé òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ó wọlé, tí ó sì ń bu epo tí ó tó o sí i. Kìlógíráàmù epo 1 ń fẹ́ nǹkan bí kìlógíráàmù afẹ́fẹ́ 14.7 kí ó tó jó dáadáa.

Ẹ wo alábàárù ọjà. Bí ẹ bá fi aṣọ bo imú rẹ̀ nígbà tí ó jókòó, kò ní í ṣòro fún un púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé agbọ̀n lé e lórí, kí ó máa gun òkè, ẹ ó rí i tí yóò máa mí gúlegúle. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ rí. Àìsàn tí ó fara pamọ́ nígbà tí ọkọ̀ dúró yóò yọjú nígbà tí ẹrù bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ké tantan ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ kò lọ, kílọ́ọ̀ṣì tàbí gíà ni kí ẹ fura sí. Bí táyà kan bá gbóná ju àwọn yòókù lọ, ó lè jẹ́ pé búréèkì ni ó di í mú. Bí kò bá sí èyí, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò náni lówó. Ẹ yọ fíltà afẹ́fẹ́, kí ẹ gbé e sójú oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á já, eruku ti dí i. Ẹ wò ó bóyá rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá ti ya.

Ó kan epo. Pọ́ọ̀ǹpù tí ó ti rẹ̀ lè gbé epo tí ó tó fún ọkọ̀ tí ó dúró, kí ó má tó fún èyí tí ń gun òkè. Kí mẹ́káníìkì fi gééjì wọn agbára rẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ iná, kí ó sì yẹ fíltà epo wò. Epo fúnra rẹ̀ lè bàjẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022, àjọ ìjọba tí ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ epo kéde pé a rí bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tí Nàìjíríà gbà lọ, ọ̀pọ̀ awakọ̀ sì ké pé ó ba ọkọ̀ àwọn jẹ́. Nítorí náà, bí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ra epo, ẹ má ṣe gbàgbé láti sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni iná. Bí púlọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì bá kú, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbọ̀n. Bí iná ẹ́ńjìnnì tí ń bẹ níwájú awakọ̀ bá ń ṣẹ́jú, ẹ rọra dúró, nítorí pé epo tí kò jó ń lọ sínú katalíìsì, yóò sì sun ún.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀nà èéfín. Bí katalíìsì bá dí, èéfín kò rí ọ̀nà jáde, afẹ́fẹ́ tuntun kò sì rí àyè wọlé. Àwọn kan a máa fọ́ inú rẹ̀ dànù. Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn. Ẹ wádìí ohun tí ó dí i.

Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tuntun kéékèèké tí a ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ihò tí a lè ki kọ̀ǹpútà bọ̀, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ wa sì ti ibẹ̀ wá. Kọ̀ǹpútà lè kọ P0171. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé epo kéré sí afẹ́fẹ́. Kò sọ pé rọ́bà ya, kò sì sọ pé pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀. Ibi tí ó ń dun ọkọ̀ ni ó fi hàn, kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ẹni tí ó bá rí i tí ó sáré lọ ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Ládípọ̀ láìwádìí, ẹ̀tẹ̀ ni ó fi sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá.

Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ sí yín lójú ọ̀nà, ẹ má ṣe gbìyànjú láti ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kí ẹ gbé àmì pupa onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sí ojú títì.

Awakọ̀ wa ti ń ro owó pọ́ọ̀ǹpù tuntun kí ó tó yọ fíltà afẹ́fẹ́ rẹ̀, tí ó sì bá a tí eruku ti dí i pa. Fíltà kan péré ni ó rà. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ó dàbọ̀ o.