Jẹjẹrẹ ọyàn: Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín dá nìkan lọ bá dókítà!

Obìnrin ń wẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ba kókó kan lọ́yàn, àmọ́ kò dùn ún. Nítorí pé kò dùn ún ni kò ṣe wí fẹ́nì kankan. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, láti Ìkọ̀lé dé Ọ̀yẹ́.

Bó bá wá dé ọ̀sìbítù ńlá ìjọba àpapọ̀ n'Ídó-Èkìtì, tí wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò, tí èsì sì jáde, etí ẹni tí àyà ń já kì í gbọ́ràn tán. Ọkọ, ọmọ tàbí àbúrò tó tẹ̀ lé e ló máa rántí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, oògùn àti iye owó. Àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun náà o! Kó má fi pamọ́. Kí wọ́n jọ sọ ọ́, kí wọ́n jọ bi dókítà.

Ìyáàfin Betty Akeredolu, ìyàwó Rotimi tó ṣe gómìnà Ondo títí tó fi kú ní 2023, ní jẹjẹrẹ ọyàn ní 1997. Kò bò ó mọ́lẹ̀, ẹgbẹ́ BRECAN ló dá sílẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún dáadáa lẹ́yìn ẹ̀ tó ṣì ń sọ ọ́ fáyé gbọ́.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kókó tẹ́ ẹ jọ rí lónìí, ẹ jọ gbé e lọ lọ́la.